Ọwọ́ tí Ìyá Ìgàndò Kò Fẹ́ Kí Ata Kàn

Lónìí, tíúbù jẹ́ẹ̀lì kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà lójú ọ̀nà Ìpájà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta ìpara inú agolo pẹlẹbẹ, agolo kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé wa ní Ìgàndò sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, agolo yẹn ni. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, òun náà ni. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, wọ́n á fi ra á láyà. Nígbà tí mo fi máa wọ yunifásítì, ó ti di kọ́bọ̀ mélòó kan, a sì ń pariwo pé ayé ti le. Kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà. Ṣe la kàn ń fi í ra ara.

Tíúbù kan ló wà lórí tábìlì mi báyìí tó mú mi rántí iye owó. Ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti ìyá tó bí ìyá mi ni, Sàbítíyù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìgàndò. A sin ín lọ́dún tó kọjá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ tí mò ń kọ èyí náà ti gba owó ìfẹ̀yìntì tipẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé tíúbù náà lọ bá a, ó béèrè iye tí mo rà á, mo sọ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bó ṣe wúwo tó, ó gbé e sún mọ́ etí, ó ní:

"Àkànní, nǹkan tó gbówó lórí báyìí, ó yẹ kó máa dáni lóhùn tí a bá pè é."

Ọwọ́ rẹ̀ lèèyàn máa ń kọ́kọ́ rí. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tóbi, àfi bí ẹni pé wọ́n yá a lọ́dọ̀ ẹlòmíì tó sanra jù ú lọ. Ọwọ́ yẹn ló wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé wa láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Á jókòó sórí àpótí kékeré ní ẹ̀yìnkùlé, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ọpọ́n, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Á fi ìgúnpá tọ́ omi wò. Á wá fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, á na apá, á na ẹsẹ̀, á rọra tẹ orí, lẹ́yìn náà á fi òrí pa á láti òkè dé ilẹ̀.

Àwọn ìyá tó kù máa ń kọrin fọ́mọ tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Tèmi kì í kọrin. Ó máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí àgbà ni, ó sì ń fi "ẹ" pè é. "Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ọ̀nà ò le jù? Ẹ má bínú sí omi wa, bó ṣe rí nìyẹn níbí." Tó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, á yí i padà lójú ẹsẹ̀, á di "ìwọ": "Ìwọ yìí, dákẹ́ ariwo, jàre." Nígbà tí mo dé láti yunifásítì fún ìsinmi, tí mo rò pé gbogbo nǹkan ló yẹ kó ní àlàyé, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ọwọ́. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

"Àlejò ni. Mi ò tíì mọ ẹni tó jẹ́."

Ìmọ̀ yẹn, kò fi ṣeré. Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìkọ̀tún, àna mi ti múra láti wẹ ọmọ. Ìyá Ìgàndò dé láàárọ̀ kùtù, ó gbé àpótí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó kí gbogbo wọn tán, ó kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé onílé, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń retí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì dìde. Nígbà tó pẹ́, àna mi gbé ọmọ fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí wọ́n bí sí Ìlú Ọba, tó máa ń wá sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ní irùngbọ̀n. Gbogbo ìgbà tó bá dọ̀bálẹ̀, Ìyá á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ta ni mo pè yín?" Wọ́n á sọ fún un, á mi orí. Bó bá tún wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà." A rò pé ọjọ́ ogbó ni, títí mo fi bi í.

"Orí mi pé," ó ní. "Ọmọ tí mi ò bá wẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà Ìgàndò bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ààyè létí títì ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn àbúrò ìyá mi pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù láti iwájú ilé títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí Ìyá ti ń wẹ ọmọ bọ́ sínú ìwọ̀n ilẹ̀ náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn á kọ́ balùwẹ̀ tó ní táìsì fún un nínú ilé. Ó ní òun ti gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn bíríkìlà dé, ó ti wà lórí àpótí níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ láti apá ọ̀tún wá, wọ́n gbẹ́ ẹ láti apá òsì wá, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n dúró. Ọ̀gá wọn ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo la fẹ́ gbà?" Kò gbójú sókè.

"Ẹ kọ́ ọ yí mi ká."

Wọ́n kọ́ ọ yí i ká. Títí di òní olónìí, ṣọ́ọ̀bù kẹta nínú ilé wa ní ìkángun kan tó wọnú bí ibi tí èèyàn ti gé búrẹ́dì jẹ. Ọkùnrin tó ń ta páípù níbẹ̀ máa ń ṣàlàyé fún oníbàárà rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ.

Àìsàn tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ bí ìléròrò. Ó tò yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì wá sí ìhà, bí ìgbà tí èèyàn so okùn mọ́ ara. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, ìléròrò náà gbẹ, ó jinná. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìrora ò bá a lọ. Awọ ti dára, kò sí nǹkan tó hàn, síbẹ̀ kò lè wọ bùbá. Bí aṣọ bá kàn án, á ta kìjí. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àrùn náà ti ba iṣan abẹ́ awọ jẹ́, iṣan ọ̀hún ló ń pariwo láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kọ jẹ́ẹ̀lì kan fún wa, ó ní ká máa fi pa ojú ibẹ̀.

Ilé oògùn kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ Pleasure ni mo ti rà á, nítorí pé ọ̀nà ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá ni. Ọmọbìnrin tó jẹ́ apòògùn níbẹ̀ kò kàn gbé e fún mi. Ó ní kí n jókòó.

"Bàbá, ata ló wà nínú ẹ̀ o. Nǹkan tó ń mú ata ta ẹnu gan-an ni wọ́n fà yọ."

"Ata kẹ̀? Sí ara arúgbó?"

"Ata ni, sà. Ó máa ta wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń fi í déédéé, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó máa rẹ iṣan yẹn, ariwo ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ní sùúrù. Ara tó ti jinná nìkan lẹ máa fi í pa. Díẹ̀ báyìí ni, bí ẹ̀wà kan, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi aṣọ dì í pinpin. Ẹ má fi omi gbígbóná sún mọ́ ọn, ì báà jẹ́ kẹ́ ẹ tó fi í tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi í tán. Kí ẹni tó bá fi pa wọ́n fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, kó má fi kan ojú, kó má fi gbé ọmọdé. Tí awọ bá bó tàbí tó wú, ẹ dá a dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà."

Mo dé Ìgàndò, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ fún Ìyá Kabírù, opó àbúrò mi, tó ń gbé pẹ̀lú Ìyá tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ti omi gbígbóná. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Láyé rẹ̀, mi ò rò pé ó ti rí ìrora tí wọn kì í fi omi gbígbóná lé. Aṣọ ìnura tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná ni wọ́n fi tẹ ikùn tirẹ̀ nígbà tó bí Kabírù. Ìyá Ìgàndò fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ó fi jẹ́ẹ̀lì pa Ìyá, ó ka aṣọ gbígbóná lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí oògùn lè wọlé.

Onípáípù ní òun gbọ́ igbe náà láti inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ títí, ojú Ìyá Kabírù kún fún omijé, ó ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mo rò pé ó máa yá kíákíá ni." Ìyá jókòó, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó yíjú sí i.

"Ìyá Kabírù, ṣé mo bímọ ni? Ọmọ náà dà?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹ́ẹ̀lì pa òun mọ́. Ó ní ara òun ni, òun á máa fi í pa fúnra òun. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó lè dé ìhà, ó sì lè dé ibi tó pọ̀ nínú ẹ̀yìn. Mo ra tíúbù tuntun sílẹ̀ fún un, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Oṣù yẹn náà ni Rọkí, ìyàwó Kabírù, bímọ obìnrin. Ìyá tún bọ́ sórí àpótí. Rọkí a máa gbé omi, Ìyá Kabírù a máa mú ọṣẹ dání, Ìyá Ìgàndò á na ẹsẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ ní Àmínátù, Ìyá sì yí "ẹ" sí "ìwọ." Inú gbogbo wa dùn. Ìrora rẹ̀ nìkan ni kò lọ. Bí mo bá béèrè, á ní, "Jẹ́ẹ̀lì yín yìí, bó ṣe ń ta mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló ṣì ń ta mí." Ó rù. Kò lè dùbúlẹ̀ síhà òsì, kò sì lè sùn dáadáa síhà ọ̀tún.

Mo padà sí Pleasure, mo bínú díẹ̀. Mo ní ká gba oògùn tó le jù ú lọ. Apòògùn náà bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ń fi í déédéé?"

"Mo búra fún ẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Mi ò sí níbẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá ń fò ó, tí wọ́n fi í lónìí tí wọ́n tún jẹ́ kó di ọjọ́ mélòó kan, títa yẹn á máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀ọ́tun ni. Wọ́n á kàn máa jẹ ìyà ata, wọn ò ní rí èrè ẹ̀. Ẹ lọ wo tíúbù yẹn kẹ́ ẹ tó ra òmíràn."

Mo dé Ìgàndò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lẹ́nu ìwẹ̀ ọmọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkángun ṣọ́ọ̀bù, kò rí mi. Ó ró ìró mọ́ra, ó fi èjìká òsì sílẹ̀. Ọmọ fi ẹsẹ̀ gbá omi, omi ta sí i níhà. Mo rí i tó dá ọwọ́ dúró. Ó di eyín pọ̀, ó di ojú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára ọmọ díẹ̀ kó má baà fún un mọ́ra, ó dúró títí nǹkan náà fi kọjá. Lẹ́yìn náà, ó la ojú, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ó tún ń wẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tí Rọkí gbé ọmọ wọlé, mo lọ mú tíúbù wá láti orí fèrèsé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Ìyá, ẹ ò lò ó."

"Mò ń lò ó."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí ìyá Rọkí bá wá, tó bá ní òun fẹ́ wẹ ọmọ. Mo máa ń fi í lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ yòókù ńkọ́?"

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. Òrí ọmọ ṣì ń dán lára wọn. "Àkànní, ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ ata wá sínú ilé yìí. Mo ti lọ ata láyé mi. Tó bá ti wọ ọwọ́, ọṣẹ kì í lé e lọ tán, àfi kí ilẹ̀ mọ́. Ṣé ọwọ́ yẹn ni kí n fi kan ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa wẹ̀ ẹ́. Ẹ ti wẹ ọmọ tó, Ìyá. Ẹ sinmi."

Kò bínú. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń bí i nínú. Ó wo àpótí, ó wo ògiri tí wọ́n kọ́ yí i ká, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé:

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mo ti kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ọba àti ìjọba, mo sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tíúbù lọ́wọ́. Ọjọ́ kan náà ni mo padà sọ́dọ̀ apòògùn, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Ìyá tọ̀nà nípa ọwọ́. Ó ní kí ẹlòmíì máa bá wọn fi í pa á, kí onítọ̀hún wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó jẹ́ lẹ́yìn tí ìwẹ̀ ọmọ bá parí tí ara Ìyá ti gbẹ tó sì ti tutù, kí aṣọ fẹ́lẹ́ bo ibẹ̀ kí ọmọ má fara kàn án. Ó gbé páálí ìbọ̀wọ́ kan lé mi lọ́wọ́.

Ta ló máa wọ ìbọ̀wọ́? Mo dárúkọ Ìyá Kabírù. Ìyá ní, "Ẹni tó fẹ́ sè mí?" Rọkí ṣì ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ìyá na ìka sí mi.

"Ìwọ ni."

"Èmi? Ìyá, ọkùnrin ni mí. Ẹ̀yin..."

"Gbẹ́nu dákẹ́. Mo ti wẹ gbogbo ara rẹ, títí dé ibi tí ìyàwó rẹ rò pé òun nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yìn lásán ni mo fẹ́ kí o rí."

Ìyá Kabírù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Rọkí, ni èmi náà bá rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ti Ẹ̀gbẹ́dá wá láràárọ̀ nìyẹn. Á jókòó lórí àpótí, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á fi ìró bo iwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ kéré. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Mo fún jẹ́ẹ̀lì sórí ìka tó wà nínú rọ́bà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

"Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ní o. Kì í ṣe búrẹ́dì lò ń fi bọ́tà sí."

Ó ta á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á di etí àpótí mú, á máa ka orúkọ àwọn tó ti wẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa rọlẹ̀. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, mi ò lè wá, nítorí náà ó gbà, tipátipá, kí Ìyá Kabírù wọ ìbọ̀wọ́. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n ń jíròrò iye tí wọ́n ń ta ẹja. A kò fo ọjọ́ kan. Títa náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí apòògùn ṣe wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé, mo bá a tó wọ bùbá, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ti wà nínú àpò láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ṣé ìrora ti lọ.

"Ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jókòó."

Ó wẹ Àmínátù títí ọmọ náà fi ń dìde dúró nínú ọpọ́n. Nígbà tí ikú dé, kò bá a jà. Ó sùn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kò jí. Àwọn obìnrin ló wẹ̀ ẹ́, bó ṣe yẹ. Mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó wọnú yẹn, èmi tí mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, mi ò sì lè wọlé. Mo gbọ́ tí omi ń dà. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Kabírù, tó ń sọ fún ẹni tó gbé omi dé:

"Dúró ná. Jẹ́ kí n fi ìgúnpá tọ́ ọ wò."

Mo máa ń ka orúkọ àwọn tí Ìyá wẹ̀ nígbà mìíràn báyìí, bí òun náà ṣe máa ń kà wọ́n nígbà tí jẹ́ẹ̀lì bá ń ta á. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, ti lọ. Àbúrò mi, bàbá Kabírù, ti lọ. Táíwò ti lọ. Kẹ́hìndé wà ní Ìpájà, kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ Táíwò létí òun. Lámídì wà, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó jáde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sikíráátù, wà ní Ìkọ̀tún, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ó máa ń fi ohùn dá mi mọ̀. Àwọn ọmọ tèmi wà. Kabírù wà. Èmi náà ṣì wà.

Àmínátù sì wà, ó ti ń sáré káàkiri ẹ̀yìnkùlé, ó máa ń gun àpótí yẹn, ó máa ń bọ́ sílẹ̀. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí Ìyá mọ̀.